Ìsàlẹ̀ Ilé Ìyá Mi

Ẹ má pè mí ní elékèé. Ọ̀sán gangan ni, etí mi sì dá ṣáká.

Àárín ìlú Basilónà àtijọ́, ní Sípéènì, ni Remei, ìyá mi, ń gbé. Ibẹ̀ ló bí mi sí. Onílé wá ta ilé náà fún àwọn tó fẹ́ máa fi gba àlejò afẹ́. Kóòtù ní kí Màmá kó jáde lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, Màmá ní ká lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lábẹ́ àdúgbò wa.

"Roser, jẹ́ kí n wo ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó lé mi."

A sọ̀kalẹ̀. Ìlú àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ló wà níbẹ̀: ògiri tí kò ga ju orúnkún lọ, gọ́tà, àti kòtò tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Orí afárá irin là ń rìn. Ó tutù. Àwa méjì péré ni.

Mo gbóòórùn àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín.

"Wọ́n ń dáná," Màmá wí.

"Ilé oúnjẹ òkè ni, Màmá."

"Òkè wo? Ìwọ náà ti di àlejò afẹ́ nìyẹn."

Ó fara ti irin, ó wolẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kí aráalé lójú fèrèsé.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé wọ́n lé ẹ̀yin náà ni?"

Ohùn obìnrin kan wá dáhùn láti ìsàlẹ̀:

"Wọ́n ní ọ̀la ni."

Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkorò.

"O gbọ́? Láti ayé Róòmù! Wọn ò tíì kó jáde."

Mo sáré lọ pe Oleguer, ẹ̀ṣọ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Nígbà tí a padà, Màmá ò sí lórí afárá. Wọ́n tanná sí gbogbo kòtò. Ọlọ́pàá wá. Wọn ò rí bàtà, wọn ò rí ìborùn.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn akódà kóòtù já ilẹ̀kùn ilé.

"Ó ti lọ? Ìyá yìí mà gbọ́n o," ọ̀kan nínú wọn wí. "Kò dà wá láàmú."

Mo kórìíra ọkùnrin yẹn títí di òní.

Mo ṣì máa ń lọ pe Màmá lórí afárá yẹn. Kò dáhùn rí. Ọmọbìnrin tó ń ta ìwé ìwọlé a sì bi mí, bó ṣe ń bi gbogbo àlejò:

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Níbo lẹ ti wá?"