Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Jọọlá

Jọọlá ń yí edé lórí àtẹ níwájú ilé wọn ní Zion Pepe, ìlú orí omi, èéfín ti mú kí ojú rẹ̀ pọ́n, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan sún mọ́ afárá pákó. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú rẹ̀ gbé fóònù sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má nu ojú yẹn o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló dára."

"Ṣé ojú mi lo fẹ́ rà ni, àbí edé?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lórí fóònù, edé kò ní òórùn. Ọwọ́ tó yan án ni wọ́n máa ń wò. Bí wọ́n bá ti fẹ́ràn ọwọ́, wọ́n á ra edé."

Tóbilọ́ba lorúkọ rẹ̀. Ó ń bá àwọn oníṣòwò Igbókọ̀dá polówó ọjà lórí Fésíbúùkù. Kò pẹ́ tí edé Jọọlá fi ń dé Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn. Ọkàn Jọọlá náà kò gbélé mọ́, ọ̀dọ̀ Tóbilọ́ba ló ń lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ Tóbilọ́ba ṣèèṣì hàn nínú fídíò níbi tó ti ń yọ eérú kúrò nínú irun Jọọlá. Ni àwọn òǹwòran bá figbe ta. "Ta nìyẹn? Ṣé ọkọ rẹ ni?" Ọjọ́ náà ni edé tán pátápátá.

Láti ìgbà náà, Tóbilọ́ba kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wọ́n nínú fídíò, ṣùgbọ́n kò fi ojú hàn rí.

"Ohun téèyàn kò tíì mọ̀ ni kì í jẹ́ kó lọ, adúmáadán mi. Bí a bá dá wọn lóhùn, wọ́n á kí wa kú oríire, wọ́n á sì gbàgbé wa."

Bàbá Ábúráhámù, bàbá Jọọlá, gbọ́ ọ nínú ìjọ. Ó délé pẹ̀lú ìbínú.

"Gbogbo ìjọ ló ti rí ọwọ́ ọkùnrin yìí lára rẹ. Èmi tí mo bí ọ kò rí ojú rẹ̀. Ṣé ìjẹ ni wọ́n fi ọ́ ṣe lẹ́nu ìwọ̀ ni? Kò sí fídíò mọ́!"

"Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ mi ni, n kò ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ojú yẹn, ẹ jàre."

Ó sọ fún Tóbilọ́ba pé kó wá rí bàbá òun.

"Ìfẹ́ mi, ṣe sùúrù díẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló ń bá wa tajà."

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé mo wà lára àwọn tó ń dúró de ìdáhùn ni?"

Tóbilọ́ba tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Ó dun Jọọlá dé egungun.

Nígbà tí wọ́n tún ṣe fídíò tí àwọn èèyàn ń wò lójú ẹsẹ̀, ìbéèrè náà tún ya dé. Jọọlá gbé agbọ̀n kalẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ọkọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sì tì mí lójú. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìfẹ́ mi polówó edé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ edé, kó rà á. Ẹni tó jẹ́ pé ìbéèrè ló ń wò, ó dàbọ̀."

"Jọọlá!" Tóbilọ́ba sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọn ò tíì pọ̀ tó báyìí rí! Má tíì sọ ọ́ tán!"

"Kí wọ́n pọ̀ bí iyanrìn etí òkun. Ìwọ kò wò mí."

Ìgbà náà ni Tóbilọ́ba gbójú kúrò lára fóònù. Ó wo Jọọlá, ó pẹ́. Àwọn òǹwòran ń pariwo pé kó fèsì, kó fojú hàn. Ó pa fóònù náà.

"Kí ló dé tí o pa á? Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n ń retí."

"Kì í ṣe àwọn ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Ṣé Bàbá wà nílé?"

Bàbá Ábúráhámù ń tún àwọ̀n ṣe nígbà tí wọ́n wọlé. Tóbilọ́ba dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó.

"Àwọn wo ló tún ń wò wá báyìí?" Bàbá bi í.

"Kò sí o, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni."

Bàbá gbé àwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Gbójú sókè kí n rí ọ. Ọmọ ta ni ọ́?"

Jọọlá fa àpótí, ó jókòó ti Tóbilọ́ba. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.