Olè Tí Kò Ní Ipasẹ̀

Kúlúsúmù jí ní kùtùkùtù. Ó mú ọwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Ṣáá, ṣáá, ṣáá.

Bẹyẹrúnkà ni ilé wọn wà, ní Ìbàdàn. Ní ayé ìgbà náà, páànù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìlú ni. Ilé bàbá Kúlúsúmù ni a kọ́kọ́ fi páànù bò ní àdúgbò wọn. Bí oòrùn bá ràn, ó ń dán yinrin.

Ẹfun ń tẹ̀ lé Kúlúsúmù lẹ́yìn. Ẹfun ni ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀. Ó funfun láti imú dé ìrù.

"Bẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni Ẹfun wí.

"Mo gbọ́," ni Kúlúsúmù dá a lóhùn.

Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Wọ́n dé yàrá ẹ̀yìn, níbi tí àjà wà. Igi tí a tò sí òkè yàrá ni àjà. Orí rẹ̀ ni Bàbá ń kó àgbàdo irúgbìn sí.

Kúlúsúmù dúró. Nǹkan funfun kan wà nílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú.

"Èyí kì í ṣe iyanrìn," ni ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kàn án. "Èyí kì í ṣe eruku."

Hóró àgbàdo kan wà láàárín rẹ̀. Hóró náà ní ihò.

"Ta ni?" ni Kúlúsúmù béèrè.

Ó sáré lọ pe Bàbá.

Bàbá gun àkàsọ̀ lọ sí òkè àjà. Kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti le.

"Olè ti dé òkè àjà," ni Bàbá wí. "Àgbàdo irúgbìn ni o. Àwa fúnra wa kì í jẹ ẹ́, bí ebi tilẹ̀ ń pa wá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kí ni n ó gbìn?"

Sàídì, ẹ̀gbọ́n Kúlúsúmù, wú ikọ́.

"Mo mọ olè náà," ni ó wí. "Ó ní ìwo kéékèèké. Ó ní irùngbọ̀n."

Gbogbo wọn yíjú sí Ẹfun. Ẹfun ń jẹ etí ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ẹfun kì í gun àjà," ni Kúlúsúmù wí.

"Orí odó ni mo bá a ní àná. Ẹni tí ó gun odó lónìí, àjà ni yóò gùn lọ́la."

Bàbá mi orí. "Bí ó bá jẹ́ òun ni, kò lè gbé ilé yìí mọ́. Yóò bá mi lọ sí oko, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé."

"Oko jìnnà, Bàbá."

"Ó jìnnà."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wá olè náà."

"Ọ̀túnla ni mo ń lọ," ni Bàbá wí. "Wá a kí ó tó di ìgbà náà."

Láti ìgbà náà ni Kúlúsúmù ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo gbogbo ènìyàn.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Sàídì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ la ẹnu yín."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé ẹ tètè nawọ́ sí ẹlòmíràn."

Sàídì rẹ́rìn-ín. "Yangan gbígbẹ ni, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé ọlọ ni eyín mi ni?" Ó la ẹnu. "Hààà."

Kúlúsúmù gbóòórùn. "Ẹ̀pà ni mo gbọ́. Ẹ̀pà ta ni?"

Sàídì pa ẹnu dé. "Ìyẹn kọ́ ni o ń wá."

Kúlúsúmù lọ bá Àtọ́kẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwọn. Àtọ́kẹ́ gbé adìẹ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Àtọ́kẹ́, níbo ni adìẹ rẹ sùn ní àná?"

"Abẹ́ agbọ̀n."

"Ta ni ó rí i níbẹ̀?"

"Èmi ni mo dé agbọ̀n bò ó. Kí ló dé tí o fi ń wò mí bí ẹni wo olè?"

"N kò tíì mọ ohun tí mo ń wò."

"Adìẹ mi kò dà bí ewúrẹ́ rẹ o. Ta ni ó jẹ etí gèlè ìyá mi?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo ń wá," ni Kúlúsúmù wí. Ó yára padà sílé.

Ó jókòó ti Ẹfun. Ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹfun, ṣé ìwọ ni?"

Ẹfun yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kúlúsúmù dìde.

Ìyá Àgbà, tí ó bí Bàbá, ń ya òwú lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kúlúsúmù lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tí ó wọlé?"

"Ẹsẹ̀ ni a fi ń wọlé. Ipa ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n."

"Bí ilẹ̀ bá le ńkọ́, tí ipa ẹsẹ̀ kò hàn?"

"A ó da eérú sí i," ni Ìyá Àgbà wí. "Eérú kì í bo ẹnikẹ́ni láṣìírí."

Kúlúsúmù bu eérú. Ó fi asẹ́ kù ú sí gbogbo ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn. Fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́. Ó kù ú sí ìdí àkàsọ̀ pẹ̀lú.

"Ṣé kí a so Ẹfun mọ́lẹ̀?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Rárá o. Bí a bá so ó, tí olè kò sì wá, ẹ̀gbọ́n mi yóò ní nítorí pé a so ó ni."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Ọmọ yìí gbọ́n," ni ó wí.

Ilẹ̀ mọ́. Kúlúsúmù sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Sàídì sáré tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà rọra ń bọ̀ lẹ́yìn.

Wọ́n wo ilẹ̀. Kò sí pátákò ewúrẹ́. Kò sí èékánná adìẹ. Kò sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ènìyàn. Kò sí ti eku pàápàá.

Ṣùgbọ́n lórí eérú náà, nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú tún wà. Tuntun ni.

"Ta ni?" ni Kúlúsúmù wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Sàídì fà sẹ́yìn. "Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ ni."

"Kí ni kò ní ẹsẹ̀?"

"Ejò."

"Ejò kì í jẹ àgbàdo."

"Ẹja."

"Ẹja kì í gun àjà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, èmi kò mọ̀ ọ́n, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n," ni Sàídì wí. Ó lọ dúró sí ẹ̀yìn Ìyá Àgbà.

Ẹ̀rù ba Kúlúsúmù náà. Ṣùgbọ́n ó rántí oko, ó sì rántí bí ó ti jìnnà tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

"Ó lè ní ẹsẹ̀," ni ó wí, "kí ó má fi tẹ ilẹ̀."

Ó lọ pe Bàbá. Bàbá di àkàsọ̀ mú. Kúlúsúmù ń gùn ún. Kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹ dì í mú, Bàbá?"

"Mo dì í mú."

"Ṣé ẹ dì í mú dáadáa?"

"Kúlúsúmù, ṣé o ń fura sí èmi náà ni?"

"Díẹ̀, Bàbá."

Kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀. Ó dé òkè àjà. Àgbàdo wà níbẹ̀ nínú háhá wọn, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó mú ọ̀kan. Ó bó háhá rẹ̀. Fáà.

Okùn tín-ín-tìn-ín ti so àwọn hóró pọ̀ mọ́ra. Ìdin kékeré kan ká jọ sínú ihò.

Fìrì.

Nǹkan kan fò kọjá níwájú imú Kúlúsúmù. Ó bà sórí igi, ó sì dákẹ́.

Kò tó èékánná Kúlúsúmù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti igi gbígbẹ. Ó pa ìyẹ́ dé sí ẹ̀yìn bí òrùlé. Ẹnu rẹ̀ yọ gọngọ síwájú, bí ẹni tí ó ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò.

"Mo ti rí i," ni Kúlúsúmù wí.

"Kí ni o rí?" ni Bàbá béèrè.

"Ó ní ìyẹ́. Ẹnu rẹ̀ gùn."

"Àfòpiná ni," ni Ìyá Àgbà wí láti ìsàlẹ̀. "Àfòpiná ẹlẹ́nu gígùn. Ibi tí a bá kó ọkà pamọ́ sí ni a ti ń bá a."

"Ṣé òun ni ó ń jẹ àgbàdo, Ìyá Àgbà?"

"Ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá fò wọlé, ó yé ẹyin sínú háhá. Ẹyin di ìdin. Ìdin ni ó ń jẹun. Bí ó bá yó, yóò fi okùn rẹ̀ wé ara, yóò sùn. Bí ó bá jí, ó ti di àfòpiná."

"Nítorí náà kì í ṣe Ẹfun."

"Kì í ṣe Ẹfun," ni Bàbá wí.

Sàídì ti jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé. Koríko hù níbẹ̀, ó ga dé orókún. Sàídì ta ẹsẹ̀ sí i. Fìrì, fìrì, fìrì.

"Ẹ wá wo ilé wọn," ni ó pariwo. "Wọ́n pọ̀. Ẹ fún mi ní iná kí n jó gbogbo rẹ̀."

Kúlúsúmù sọ̀ kalẹ̀, òun àti Ìyá Àgbà sì jáde lọ bá a. "Ẹ dúró ná," ni Kúlúsúmù wí. "Láìpẹ́ yìí, Ẹfun ni ẹ dá lẹ́bi. Ẹ tún ti rí ẹlòmíràn."

Ó lóṣòó. Ó wo inú koríko. Kò rí ohunkóhun ju koríko lọ.

Ó tún wò ó. Ewé koríko kan gbé ẹsẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ewé yìí ní ẹsẹ̀."

Kì í ṣe ewé. Àfòpiná ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ. Ó nà gbọọrọ lórí igi koríko. Ó fi ìyẹ́ wé ara bí ẹni tí òtútù ń mú.

Kúlúsúmù fura sí i. Ó fa igi koríko náà mọ́ ojú, ó wò ó dáadáa.

"Ti òkè àjà kì í fi ìyẹ́ wé ara báyìí," ni ó wí.

"O ríran," ni Ìyá Àgbà wí. "Àfòpiná inú koríko nìyẹn. Inú koríko ni ó ń gbé. Inú koríko ni ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun."

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà?"

"N kò wí bẹ́ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà ní oko tí ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ inú igi àgbàdo. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn òkè àjà yìí, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Sàídì fi koríko náà sílẹ̀.

Wọ́n padà sí yàrá ẹ̀yìn. Ìyá Àgbà kò jókòó.

"Èmi náà ń fura," ni ó wí.

"Sí ta ni, Ìyá?" ni Bàbá béèrè.

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ní ìyàwó, òkè àjà ni a ń kó irúgbìn sí. Àfòpiná kò bà á jẹ́ rí. Kí ni ó yí padà?"

Kúlúsúmù gbá eérú náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣáá, ṣáá. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú ní àárín yàrá.

"Ààrò wà níbí tẹ́lẹ̀," ni ó wí. "Ìta ni mo ti lọ bu eérú yìí. Ta ni ó gbé ààrò lọ sí ìta?"

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá.

Bàbá wo òkè. "Páànù náà ni," ni ó wí. "Èéfín yóò sọ ọ́ di dúdú."

"Fàsásì, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí fún Bàbá, "èéfín ni ó ń ṣọ́ irúgbìn. Àfòpiná kì í fẹ́ inú èéfín."

"Ṣùgbọ́n ó ń dán, Ìyá."

"Ó ń dán. Bí òjò bá rọ̀, ṣé páànù ni ìwọ yóò gbìn?"

Bàbá họ orí. Ó jáde. Nígbà tí ó wọlé, òkúta ààrò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbì. Gbì. Gbì. Ààrò padà sí ipò rẹ̀.

Wọ́n kó gbogbo àgbàdo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sá a sí oòrùn. Wọ́n ṣa èyí tí ó dára sọ́tọ̀, wọ́n ṣa èyí tí ó ti lu sọ́tọ̀. Èyí tí ó dára pọ̀ tó láti gbìn. Bàbá di díẹ̀ fún oko, ó kó ìyókù padà sí òkè àjà.

Ìyá Àgbà dá iná. Èéfín gòkè lọ, rúúrúú. Sàídì wúkọ́. Omi ń jáde lójú Kúlúsúmù.

Fìrì. Àfòpiná ẹlẹ́nu gígùn gba ojú fèrèsé jáde. Kúlúsúmù ń fi ojú bá a lọ, títí ó fi kọjá sí agbo ilé Àtọ́kẹ́.

"Àtọ́kẹ́," ni ó ké, "ẹ ṣọ́ àgbàdo yín o."

"Kí ni mo tún ṣe?" ni Àtọ́kẹ́ dáhùn.

Sàídì lọ lóṣòó níwájú Ẹfun.

"Ẹfun, mo fi ẹ̀sùn èké kàn ọ́. Má bínú."

"Bẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Kúlúsúmù, kí ni ó wí?"

"Ó ní òun yóò rò ó."

Ọ̀túnla tí Bàbá dá pé. Bàbá gbé irúgbìn sí èjìká, ó kọjú sí ọ̀nà oko. Òun nìkan ni ó lọ.

Kúlúsúmù da àgbàdo tí ó ti lu sínú igbá. Ó gbé igbá náà síwájú Ẹfun, ní gbangba, lójú gbogbo ènìyàn.

Kótó, kótó, kótó.

Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohunkóhun.