Ṣemílọ́rẹ Ń Kí Wọn Nínú Tókì

Ṣemílọ́rẹ rèé. Riviera ló ń gbé, l'Ábíjàn. Lónìí, ọjọ́ Ìsinmi ni, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà.

Bàbá rẹ̀ ló ń darí mọ́tò níbẹ̀. Ó fún Ṣemílọ́rẹ ní tókì kan, rédíò kékeré tí òun, àǹtí olùkọ́ ọmọdé àti bùrọ̀dá tó ń ṣọ́ géètì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Jókòó sórí àtẹ̀gùn yìí," ni Bàbá wí. "Kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìgbà náà ni kí o tó tẹ bọ́tìnnì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, a ò ní gbọ́ ẹlòmíràn."

Ṣé Ṣemílọ́rẹ gbọ́? Rárá o! Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Pẹ̀! Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó tiẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá! Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ káàárọ̀ o, Tántì Laetitia! Ẹ kú ọmọ! Ẹ káàárọ̀ o, Tọ́ńtọ̀n Exaucé! Ẹ kú ìdúró! Ẹ kú oòrùn!"

Ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Kṣṣṣ. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Inú bí Ṣemílọ́rẹ. Ó bí i gan-an ni.

"Mo kí àgbà, àgbà ò dáhùn! Irú kí lèyí?"

Pẹ̀! Ó tún kí wọn. Ó kí ti ilé, ó kí ti ọ̀nà.

Kṣṣṣ. Ohùn Bàbá bú jáde: "Ta ní ń kí wa ṣáá? Fi bọ́tìnnì sílẹ̀ jọ̀ọ́!"

Háà! Wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò dáhùn! Inú tún bí Ṣemílọ́rẹ. Ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó káwọ́ gbera. Kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé!

Ó dákẹ́. Ìgbà tó dákẹ́ ló wá gbọ́.

Kṣṣṣ. Tántì Laetitia ni, olùkọ́ àwọn ọmọdé. "Ìfẹ́dayọ̀ ti jáde ní kíláàsì! Mo ti ń pè yín, kíkí ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi!"

Ìfẹ́dayọ̀ kẹ̀? Àbúrò Ṣemílọ́rẹ ni! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ eré sá ni.

Ṣemílọ́rẹ dìde. Ó wò yíká. Ó rí ṣòkòtò pupa kékeré kan láàárín àwọn mọ́tò. Pátá-pàtà, pátá-pàtà! Ìfẹ́dayọ̀ ń sáré lọ sí géètì. Géètì ṣí sílẹ̀. Títì ló wà níwájú!

Ó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì. Kṣṣṣ. Tọ́ńtọ̀n Exaucé, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Inú bí Ṣemílọ́rẹ! Ìka rẹ̀ ń yún un. Àmọ́ ó gé ètè jẹ. Ó fetí sílẹ̀.

Kṣṣṣ... Tókì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

Pẹ̀! "Tọ́ńtọ̀n Exaucé! Ẹ ti géètì! Ìfẹ́dayọ̀ ń bọ̀!"

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀.

Gbàà! Géètì ti padé.

"C'est bon! Ó ti dáa, Ṣemílọ́rẹ! Mo ti mú un!" ni Tọ́ńtọ̀n Exaucé wí.

Bàbá sáré dé. Ó gbé Ṣemílọ́rẹ sọ́rùn. "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun gan-an."

Wàyí o, Ìfẹ́dayọ̀ ni inú ń bí! Ó já tókì gbà lọ́wọ́ Tọ́ńtọ̀n Exaucé. Pẹ̀!

"Lâche-moi! Ẹ fi mí sílẹ̀! Mo fẹ́ lọ! Mo fẹ́ lọ! Mo fẹ́ lọ!"

Ṣemílọ́rẹ dúró. Ó jẹ́ kó bínú tán. Kṣṣṣ.

Ó wá tẹ bọ́tìnnì, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, mo gbọ́ ẹ o."