Ìbéèrè Àràárọ̀ Àbúrò Ọ̀gá Ẹ̀ẹ̀kan-ti-tó

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí dé ọwọ́ rẹ, bóyá ẹnìkan ló nà án sí ọ lójú títì tí o sì kàn gbà á kí ó má baà bínú. Má tíì jù ú nù. Jókòó díẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Bí o bá kà á tán tí o ní kò kàn ọ́, a jẹ́ pé èmi ni n kò mọ ìtàn sọ.

Mẹkáníìkì ni ọkùnrin náà. Ọ̀gá Ẹ̀ẹ̀kan-ti-tó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti fọwọ́ kan iṣẹ́ kan, kì í padà sídìí rẹ̀ mọ́. "Ẹ̀ẹ̀kan ti tó," ni yóò wí, yóò sì fi àkísà nu ọwọ́. "Ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Mọ́tò tí wọ́n fi okùn wọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, tó ń wúkọ́ bí arúgbó, á máa kọrin lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìyìn dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Bí wọ́n bá ń yìn ín, ó lè gbàgbé pé òun wọ bàtà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Bàbá Onítáyà wà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń lẹ táyà tó jò. Onígbàgbọ́ ni. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí àyè bá yọ, á sọ̀rọ̀ Jésù fún aládùúgbò rẹ̀.

"Bàbá," ni ọ̀gá máa ń dá a lóhùn, "ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ ló ń wá ẹni tí yóò bá a tún un ṣe. Èmi tí ẹ ń wò yìí, títún nǹkan ṣe niṣẹ́ mi. Kí ni mo bà jẹ́?"

"Ó dáa. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ mọ ibi tí mo wà."

"Kí n wá kí ẹ lẹ̀ mí bíi táyà? Táyà tí ẹ lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pàápàá ti tún ń mí!"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, oníkálukú á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá yìí ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀. Awakọ̀ ni, búrẹ́dì ló ń fi mọ́tò kó láti ilé búrẹ́dì lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé mọ́tò náà wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a wo bíréèkì iwájú. Ẹ̀gbọ́n gbé mọ́tò sórí jáákì, ó yọ táyà, ó tún bíréèkì ṣe, ó sì dá táyà padà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí mọ́tò bá ṣì wà lókè, ọwọ́ la fi ń yí nọ́ọ̀tì táyà wọlé, kó kàn di ara rẹ̀ mú. Ìgbà tí mọ́tò bá balẹ̀ tí táyà tẹ ilẹ̀ la ó tó fi sípánà yí i, kó fún pinpin. Ìgbẹ̀yìn yìí niṣẹ́. Èyí tó ṣáájú, ìmúra ni.

Bí ó ṣe sọ mọ́tò kalẹ̀ báyìí, tí sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ẹnìkan kígbe láti òdìkejì títì. "Ọ̀gá! Ọ̀gá tí í jí òkú mọ́tò dìde! Ẹ gbà wá o, mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti sá fún eléyìí!"

Orí ọ̀gá wú. Ó ju sípánà sílẹ̀, ó ń sọdá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa lọ?" ni àbúrò béèrè. "Wọ́n ti ń retí búrẹ́dì."

"Máa lọ jàre. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó."

Bàbá Onítáyà gbójú sókè níbi tó jókòó sí. "Ọ̀gá, ṣé nọ́ọ̀tì yẹn ti fún dáadáa?"

"Bàbá, ẹ lẹ táyà yín!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí wọn, mọ́tò búrẹ́dì sì lọ.

Kò pé wákàtí kan tí ìròyìn dé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi máa sáré débẹ̀, wọ́n ti gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Mọ́tò dojú dé sínú kòtò. Búrẹ́dì fọ́n ká ojú títì, àwọn èèyàn sì ń rọra gbé ẹsẹ̀ kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Táyà iwájú kan dá dùbúlẹ̀ sínú koríko.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí táyà ti yọ. Bóòtù márààrún wà níbẹ̀ lódidi, kò sí èyí tó ṣẹ́. Nọ́ọ̀tì ni kò sí. Wọ́n ti tú fúnra wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mọ́tò ṣe ń sáré. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ rí?" ni ẹnìkan bi í.

Ó dìde. "Ẹnìkan ló tú nọ́ọ̀tì yìí," ni ó wí. "Iṣẹ́ ọ̀tá ni."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀.

Àbúrò kò kú. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó gbé e wálé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́, orí rẹ̀ sì dà bí asẹ́. Ó rántí ìgbà èwe rẹ̀, ó rántí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ fún un lónìí, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti jò dànù. Dókítà ní, "Bóyá yóò sàn, bóyá bó ṣe máa rí nìyí." Ọ̀rọ̀ tó dájú jù tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sínú yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ lára ọkọ. Àwọn ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn láìjẹ́ kó dún. Àwọn àlejò wá ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. "Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ṣáà máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ wọn ti dín. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n "ẹ máa dúpẹ́" kì í gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò yẹ̀. Láràárọ̀, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, á wá gbé àbúrò rẹ̀, á wẹ̀ ẹ́, á fá irùngbọ̀n rẹ̀, á gbé e sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, á sì ká aṣọ sábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ kó má baà dá egbò. Ó fi táyà kéékèèké sí ìdí àga náà kó lè máa yí. Nọ́ọ̀tì àga yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lójúmọ́.

"Bọ̀dá mi," ni aránṣọ á wí, "bí kì í bá ṣe tiyín, ibo là bá wà?"

Ọ̀rọ̀ náà á gún un bí abẹ́rẹ́, kò sì ní í lè ké.

Láràárọ̀ náà sì ni àbúrò ń béèrè ohun kan náà, bí ọṣẹ bá ti wà ní àgbọ̀n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe mí?"

"Mọ́tò ni."

"Báwo?"

"Táyà ló yọ. Ẹnìkan ló tú nọ́ọ̀tì rẹ̀."

"Háà!" Àbúrò á mirí. "Ẹ ò rí i? Ká ní ọwọ́ yín ló kàn án ni, kì bá tí yọ."

Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nínú yàrá yẹn, òwe náà dorí kodò. Ẹni tó fara gbá a ló ń gbàgbé. Ẹni tó fà á kò lè gbàgbé.

Irọ́ náà sì bímọ. Awakọ̀ búrẹ́dì mìíràn wà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbé búrẹ́dì gbígbóná wá sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Aránṣọ ti rò ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé awakọ̀ yìí ló tú nọ́ọ̀tì, torí pé ó ti fìgbà kan fẹ́ gba mọ́tò ọkọ òun. "Gbé búrẹ́dì rẹ lọ! O ò ní wá fi ṣe oúnjẹ òkú níbí." Ọkùnrin náà á dúró díẹ̀, á wo ilẹ̀, á yí padà. Ẹ̀gbọ́n á wà nínú yàrá, kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀, á máa gbọ́. Ẹni tó gbé ọmọ odó mì kò lè dúró, kò sì lè bẹ̀rẹ̀.

Ó gbìyànjú. Ó wá dókítà mìíràn. Ó fẹ́ fi ọtí pa ìrònú rẹ́, ọtí dá lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dá. Kò sí sípánà tó wọ orí èèyàn. Nígbà tó yá, ọwọ́ tí í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò lè fi nọ́ọ̀tì kan sórí bóòtù rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó lọ jókòó ti Bàbá Onítáyà. Bàbá ń ri rọ́bà táyà sínú ọpọ́n omi, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, ẹ ní bí nǹkan bá bàjẹ́, kí n wá."

"Mo wí bẹ́ẹ̀." Bàbá ṣì ń wo omi. "Ihò tí mi ò bá rí, mi ò lè lẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá. Ìdí tí mo ṣe ń rì í sómi nìyí. Ó gbọ́dọ̀ hó síta kí n rí i."

Ló bá bú sẹ́kún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí sípánà tó jù sílẹ̀ dé orí búrẹ́dì tí wọ́n ń dá padà.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo rí sípánà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kí n dìde, kí n dá mọ́tò dúró. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì jókòó. Mo ti bẹ Ọlọ́run lórí tèmi. Mo ń retí yín ni. Bóyá mo tiẹ̀ retí pẹ́ jù."

"Kí ni mo lè ṣe sí i, Bàbá? Kò sí èyí tí mo lè tún ṣe níbẹ̀."

"Kò sí. Ohun tí ẹ ò fẹ́ gbà látọjọ́ yìí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan kan wà tó tó, Ọ̀gá, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín. Ẹ̀ẹ̀kan ni Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀, kò sì ní padà sórí igi mọ́, torí pé iṣẹ́ náà parí. Ẹ gbọ́wọ́ tiyín kúrò, kí tirẹ̀ lè ṣiṣẹ́."

Wọ́n kúnlẹ̀ sáàárín ògbólógbòó táyà. Àdúrà ọ̀gá kò gùn. "Jésù, èmi ni mo bà á jẹ́. Mi ò lè tún un ṣe. Gbà mí."

Nígbà tó dìde, ó ní, "Ṣé ó ti tán?"

"Ti Ọlọ́run ti tán. Ó ku ti ilé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọṣẹ wà ní àgbọ̀n àbúrò, aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ, awakọ̀ búrẹ́dì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe mí?"

"Èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mi ò fi sípánà yí nọ́ọ̀tì táyà rẹ kó fún pinpin. Wọ́n ń yìn mí lódìkejì títì, mo sì fi ọ́ sílẹ̀. Kò sí ọ̀tá kankan. Mo purọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àbúrò wò ó títí ọṣẹ fi gbẹ ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ó dùn mí o, Ẹ̀gbọ́n." Ó na àgbọ̀n sí i. "Ẹ fá a tán. Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ ṣì fá."

Aránṣọ dìde nídìí ẹ̀rọ. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni kò fi dá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lóhùn ju ìkíni lọ. Ní ogúnjọ́, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi síwájú rẹ̀. "Omi yín ti gbóná," ni ó wí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

O rò pé ó parí? Rárá o. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìjẹ́wọ́ náà, àbúrò tún gbójú sókè: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe mí?" Asẹ́ ti jò. Ẹ̀gbọ́n sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Bó ṣe rí títí dòní nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, àbúrò á sunkún. Lọ́jọ́ kan á ní, "Ẹ jáde fún mi." Lọ́jọ́ mìíràn á ti dárí jì í kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀gá tí kì í ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ti wá di ẹni tó ń jẹ́wọ́ láràárọ̀.

Mi ò ní tàn ọ́. Ẹsẹ̀ yẹn kò tíì dìde. Ó lè má dìde.

"Ó ń rẹ̀ mí, Bàbá," ni ó sọ lọ́jọ́ kan. "Láràárọ̀ ni mò ń jẹ̀bi lákọ̀tun."

"Lójú àbúrò yín ni. Àbúrò yín ń gbàgbé nítorí pé orí rẹ̀ fara gbọgbẹ́. Ọlọ́run kì í gbàgbé ohunkóhun, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló pinnu pé òun kò ní rántí eléyìí mọ́. Ẹ ò ní ròyìn rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì."

Ìwọ tó ń kàwé yìí ńkọ́? Táyà tìrẹ ṣì ń yí lónìí, àwọn èèyàn ṣì ń yìn ọ́ lódìkejì títì. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ nọ́ọ̀tì tí o fi sílẹ̀ láìfún. O mọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀, o mọ ẹni tí o di ẹ̀bi náà rù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Má dúró dìgbà tí o bá rí agbára tún un ṣe. O ò ní rí i. Jésù kò béèrè àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ. Ó béèrè òótọ́. Kí o tó ká ìwé yìí, kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí, ẹnìkan wà tó ń bi ọ́ léèrè jẹ́jẹ́ pé: "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ méjì ni ìdáhùn náà fi bẹ̀rẹ̀: "Èmi ni."