Ìlà Kejì Inú Ìwé Àyẹ̀wò

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Akọ̀wé?"

Káfíńtà náà kò dá iṣẹ́ dúró bó ti ń bèèrè. Ó ń fá ara ilẹ̀kùn tuntun kan, eruku igi sì ti bò ó dé irùngbọ̀n. Ó mọ nọ́ńbà orí rúlà dáadáa, ṣùgbọ́n òun àti lẹ́tà kò ṣọ̀rẹ́ rí. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ka gbogbo ìwé tó bá wọlé fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Akọ̀wé. Ìyá ọmọ náà ti kú tipẹ́. Àwọn méjì péré ló ṣẹ́kù nínú ilé.

Akọ̀wé ti ka ìwé àyẹ̀wò náà lójú ọ̀nà, ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìlà méjì ni. Ìlà kìíní sọ pé wọn kò rí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́. Ìlà kejì sọ pé kó má ṣe fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó rí. Nọ́ọ̀sì tó fún un níwèé náà tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé: "Kòkòrò náà ò tíì lọ o. Oògùn ló dè é mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ bàbá ẹ ló máa jẹ. Ṣó o gbọ́?"

Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n dẹ́kun àtigba owó ìdánwò àṣekágbá, ẹni tó ń ta oògùn sì ti fowó lé e. Owó tó wà nílé kò lè ra oògùn kó tún san ti ìdánwò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì ti san tirẹ̀, ó sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ìwọ lò ń kọ́ gbogbo wa ní ìṣirò, ìwọ náà lo ò ní ṣe é." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ eegun.

"Wọ́n ní àwọn ò rí kòkòrò náà mọ́, Bàbá," ló wí. Kò ka ìlà kejì.

Bàbá rẹ̀ gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. "Wọn ò rí i mọ́? Ṣé kí n ṣì máa lo oògùn ọ̀hún ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló yẹ kó fi dáhùn. Akọ̀wé wolẹ̀. "Wọn ò sọ pé ó di dandan."

Inú káfíńtà dùn débi pé ó fi ọwọ́ eléruku nu ojú. "Ọdún méjì ni mo ti ń gbé e mì láràárọ̀ bí adìẹ tó ń ṣa òkúta. Ó tó. Mú owó oògùn yẹn, lọ fi san owó ìdánwò ẹ."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Akọ̀wé mọ òwe náà. Ó ti lò ó nínú àròkọ rí, olùkọ́ sì fún un ní máàkì lé e. Ó mú owó náà, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti di ará ilé. Láràárọ̀, bó bá kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Bó bá rí i pé funfun ni, pé kò tíì pọ́n, a mí kanlẹ̀, a sì sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá nọ́ọ̀sì yẹn kàn ń dẹ́rù bà á ni. Oṣù kan kọjá báyìí. Nínú oṣù kejì, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sinmi láàárín ìṣó kan sí èkejì. Oúnjẹ ń kọ̀ ọ́. "Òòlù yìí ti sanra sí i," ló ń sọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kò rí ẹ̀rín rín.

Lọ́jọ́ kan ó wọ ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó bá ìtọ̀ tó pọ́n bíi tíì nílẹ̀. Ó fẹ́ sáré lọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi ló bù dà lé e. Bó bá sọ, bàbá á mọ̀ pé ọmọ òun tan òun. Bí kò bá sọ ńkọ́? Kò jẹ́ kí èrò yẹn parí. "Ó ku ọ̀sẹ̀ kan," ló wí fún ara rẹ̀. "Tí mo bá ti ṣe ìdánwò tán, màá sọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, bàbá jáde síta kó lè súre fún un. Ó fara ti òpó. Oòrùn bọ́ sí i lójú, Akọ̀wé sì rí i: ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Kí ló dé tó o dúró? Máa lọ, wàá pẹ́," ni bàbá wí.

Ó lọ. Ó dé géètì iléèwé, ó rí i tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tò wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó dúró díẹ̀, ló bá yíjú padà, ó ki eré mọ́lẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ti bá bàbá rẹ̀, ó nà gbalaja sórí eruku igi, ó ń bì.

Ní ọsibítù, dókítà ka káàdì bàbá síwá-sẹ́yìn. "Àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn dára. Ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró?"

Káfíńtà wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì hàn pé nǹkan ti yé e. "Èmi ni," ló wí. "Mo rò pé ara mi ti yá."

Akọ̀wé ì bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gbà kí bàbá rẹ̀ tún gbé ẹrù yìí lé ti àìsàn. "Kì í ṣe àwọn, sà. Èmi ni. Ìlà méjì ló wà nínú ìwé yẹn, ọ̀kan ni mo kà fún wọn. Mo fẹ́ fi owó náà ṣèdánwò." Ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Dókítà kò jágbe. "Owó tẹ́ ẹ máa san níbí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì máa ju ti oògùn ọdún kan lọ," ló wí. "Owó gan-an ló ṣì rọrùn níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó bá bàjẹ́, a ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Akọ̀wé fi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yẹn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n gbé ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì lọ, wọn kò sì gbé e padà wá. Láti ìgbà náà, bí bàbá rẹ̀ bá sùn, òun a gbé ọwọ́ lé e láyà láti mọ̀ bóyá ó ń mí.

Ní ọjọ́ kejìlá, ẹyinjú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í funfun padà. Dókítà ní yóò yè, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti gbọgbẹ́, kò sì ní lè gbé pákó ńlá mọ́. Oògùn rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ojoojúmọ́, ara ìbáà yá, kò báà má yá. Nọ́ọ̀sì mú ìwé àyẹ̀wò tuntun wọlé, ó fún bàbá. Akọ̀wé na ọwọ́ láti gbà á, bó ti máa ń ṣe.

Bàbá gbé ìwé náà kọjá ọwọ́ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Nọ́ọ̀sì kà á dé ìparí. Akọ̀wé fa ọwọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ìtìjú bò ó. Ó yé e lọ́jọ́ náà pé ìgbà tí ara bá yá gan-an ni oògùn ń ṣiṣẹ́, àti pé ẹni tó bá ń ríran fún ẹlòmíràn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ohun tí ẹni náà yóò rí. Ìdánwò ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ kò ní padà sí bó ti wà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni á máa ka ìwé mi fún mi láti òní lọ."