Àwa Méjì Pẹ̀lú Àpótí Ìbò

Ìṣó mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ ẹṣin há sáàárín itan rẹ̀, èéfín pátákò tó ń jó sì bò ó lójú nígbà tí Willa Haskett kọ́kọ́ rí i.

"Ṣé ẹ̀yin ni Anselmo Archuleta?"

Ọkùnrin náà fi orí dáhùn pé òun ni. Ìṣó tó fẹ́ fi kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin náà ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Ìyáàfin Pruett, akọ̀wé kauntì, ló ní kí n wá wọ́ yín wá. Gbogbo wa tó máa kó ìwé ìbò ti búra tán, ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè. Èmi ni wọ́n so yín pọ̀ mọ́."

Ó tu ìṣó náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi apá nu ojú, ó wá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti so wá pọ̀? Kí n tó mọ orúkọ yín? Kauntì yìí mà yára o!"

Willa fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Ní kauntì Sorrel, lórí òkè Kolorádò, ìwé ìdìbò ló máa ń wá bá èèyàn nílé. Bí èèyàn bá kọ ọ́ tán, á lọ jù ú sínú àpótí irin tó wà létí ọ̀nà. Lójoojúmọ́, ẹni méjì ló ń lọ kó ìwé náà sínú àpótí kékeré kan wá sí kọ́ọ̀tù, níbi tí ọ́fíìsì akọ̀wé kauntì wà, òfin sì sọ pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà. Ọ̀kan á jẹ́ ti ẹgbẹ́ elérin, tó fi erin ṣe àmì, èkejì á jẹ́ ti ẹgbẹ́ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ má bi mí ta ló ń ṣe èwo. Bí mo bá sọ ọ́, ìdajì yín ló máa pa ìwé yìí dé kí n tó dé ibi tó dùn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Royce Haskett, baba Willa, ti ṣe alága ẹgbẹ́ tirẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, àti pé kò tíì sí Archuleta kankan tó dìbò fún ẹgbẹ́ ọ̀hún rí.

Tíṣà ni Willa. Ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ètò ìjọba rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama. Bí aago mẹ́ta bá ti lù, Anselmo á ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró síta, kọfí gbígbóná méjì á sì wà níwájú.

Lọ́jọ́ kẹta, rédíò ọkọ̀ ń ròyìn pé àwọn aṣòfin ní Washington tún ń fa owó ìjọba mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Anselmo pa á.

"Tíṣà, là mí lóye. Kí ló dé tí ìpínlẹ̀ tí màlúù rẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ fi ní sẹ́nétọ̀ méjì, tí èyí tí èèyàn kún inú rẹ̀ bí eṣú náà tún ní méjì péré?"

"Torí pé àwọn kékeré ò gbà ni. Lọ́dún 1787, ní Philadelphia, níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin ìjọba ilẹ̀ yìí, nínú ooru, wọ́n ti fèrèsé mọ́ra kí ará ìta má baà gbọ́. Àwọn ńlá ní kí wọ́n ka orí èèyàn fi pín ipò, àwọn kékeré ní kó rí bákan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n jà, wọ́n jà, ni wọ́n bá dá ilé aṣòfin méjì sílẹ̀: ọ̀kan ń ka orí, èkejì ò kà á."

"Kò sẹ́ni tó rí gbogbo ohun tó ń fẹ́ gbà nìyẹn."

"Ohun tí à ń pè ní ìjọba gan-an nìyẹn. Wo iwájú rẹ, jàre! Ìbò àwọn èèyàn ló wà lẹ́yìn wa."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Anselmo náà dé pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀. "Mo lọ kàwé. Ọdún 1893 ni àwọn ọkùnrin ìpínlẹ̀ yìí dìbò pé kí obìnrin náà máa dìbò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn púpọ̀."

"Kí lo ń dúpẹ́ fún?"

"Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, baba rẹ ni ì bá jókòó síbi tó o wà yìí."

Willa rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i lára. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣàkíyèsí pé tíṣà àwọn kì í jẹ́ kí aago mẹ́ta kọjá ní ìṣẹ́jú kan.

Lọ́sàn-án Sátidé tó ṣáájú ìdìbò, òjò dídì ká wọn mọ́ àfonífojì. Ọkọ̀ yọ̀, ó wọ kòtò. Fóònù ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Ilé kan wà lẹ́yìn òkè yẹn," ni Willa wí. "Lọ pe ìrànlọ́wọ́, kí n dúró ti àpótí."

"Ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá dúró tì í."

"Anselmo, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀. Ìwọ náà á mọ̀."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó, àpótí ìbò lórí orúnkún wọn, kúbùsù kan ṣoṣo ní èjìká wọn, kí ọkọ̀ tó ń gbá òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà tó dé. Willa di ọwọ́ Anselmo mú kó má baà dì. Ọwọ́ náà le bí èèpo igi, ó sì gbóná. Wọn ò fẹnu kora wọn lẹ́nu o. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa dé kọ́ọ̀tù, kò sóhun tó kù tí ọkàn wọn ò tíì bára wọn sọ.

Ìdìbò parí. Merle Ottley, ọ̀rẹ́ Royce tó ń du ipò kọ́mísọ́nà kauntì, fi ìbò mẹ́rin pàdánù.

"Wákàtí mẹ́ta!" ni Royce ń pariwo nídìí tábìlì oúnjẹ. "Àpótí wà lọ́wọ́ Archuleta fún wákàtí mẹ́ta, kí n wá panu mọ́? Wọ́n máa gbọ́ ọ ní ìpàdé kauntì ní Ọjọ́bọ̀!"

"Bàbá, èmi náà wà níbẹ̀."

"Ọmọdé ni ọ́. Má dá sí i."

Willa ò lè jẹun mọ́. Bó bá dákẹ́, orúkọ Anselmo bàjẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ojú baba rẹ̀ ló máa tì láàárín àwọn tó ń tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́bọ̀, kọ́ọ̀tù kún dẹ́nu. Royce sọ tirẹ̀, àwọn èèyàn ń kùn. Anselmo dúró lẹ́bàá ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n bí irin inú iná. Willa dìde lẹ́yìn baba rẹ̀ gan-an.

"Èmi ni Willa Haskett. Ẹgbẹ́ kan náà ni èmi àti bàbá mi wà, Ottley ni mo sì dìbò fún. Àpótí náà ò kúrò lórí orúnkún wa."

"Orúnkún ta ni?" ni ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹ̀yìn.

"Orúnkún àwa méjèèjì! Abẹ́ kúbùsù kan la wà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú fún wákàtí mẹ́ta, nítorí náà mo mọ ibi tí ọwọ́ ọ̀hún wà!"

Ilé dàrú. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń súfèé. Royce mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Níta, Anselmo bá a lórí àtẹ̀gùn. "Ààyò mi, o ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ìbò mẹ́rin kéré, wọ́n máa tún un kà. Títí wọ́n á fi kà á, má ṣe jẹ́ ká rí ara wa. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ìfẹ́ ló ń bá mi jẹ́rìí."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gùn. Baba ò bá ọmọ sọ̀rọ̀ ju "ó dàárọ̀" lọ. Nígbà tí àtúnkà bẹ̀rẹ̀, Royce fúnra rẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ rán láti máa wò ó. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi na ọrùn sí ìwé ìbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgò ojú rẹ̀ ní ṣóńṣó imú.

Ìyáàfin Pruett ka èsì náà síta. Ottley fi ìbò márùn-ún pàdánù.

"Ó tiẹ̀ tún lé ọ̀kan sí i," ni Royce wí. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó dìde. "Ẹ̀yin èèyàn, ojú mi ló rí i. A fìdí rẹmi. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan."

Ó wakọ̀ tààrà lọ sí ilé arọ Anselmo.

"Mo ba orúkọ rẹ jẹ́ ní gbangba, mo sì ti tún un ṣe ní gbangba. Èyí tó kù, ojú rẹ ni mo fẹ́ sọ ọ́ sí. Má bínú, ọmọ mi."

"Mi ò bínú mọ́, sà. Ẹ jókòó, ẹ mu kọfí."

"Mi ò mu. Ṣé o nífẹ̀ẹ́ ọmọ mi?"

"Púpọ̀púpọ̀, sà."

"Kí lo wá ń wá níbí? Ilé ìwé ló wà!"

Anselmo ò dúró bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó já wọ kíláàsì bí ìjì. Willa ń kọ́ àwọn ọmọ bí àbá òfin ṣe ń dé iwájú ààrẹ, pé bó bá fẹ́ ẹ, á fọwọ́ sí i, bí kò bá fẹ́ ẹ, á dá a padà.

"Willa, baba rẹ ló ní kí n wá. Rárá, èmi ni mo wá. Wọ́n ti kà á tán." Ó kúnlẹ̀ sáàárín bẹ́ǹṣì méjì. "Fẹ́ mi."

Kíláàsì hó yèè. "Ẹ jẹ́ ká dìbò!" ni ọmọ kan kígbe, gbogbo ọwọ́ sì nà sókè.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀!" Omi ti lé sí Willa lójú, ẹ̀rín sì ti gba ẹnu rẹ̀. "Èyí kì í ṣe ti ìdìbò. Ẹnì kan ṣoṣo ló láṣẹ lórí ẹ̀."

"Tíṣà, ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i ni, àbí ẹ máa dá a padà?" ni ọmọ náà tún bi í.

Willa fi ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ bá ọkùnrin náà, ó sì fà á dìde.

"Mo fọwọ́ sí i," ló wí.