Ẹ̀rọ Etí Jọkẹ́

Bọ́látitó ń sáré. Ó ti ju igbá ata sílẹ̀ létí títì Ìjerò, ata ń yí lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń ti apá Àràmọ̀kọ bọ̀, ó ń fun fèrè. Jọkẹ́, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méje, dúró láàárín ọ̀nà. Ọmọ náà gbọ́ fèrè. Apá òsì ló ń wò. Ọ̀tún ni ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Bọ́látitó fa ọmọ náà lápá. Ọkọ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì ṣubú sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Francis Fákọ̀yà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe.

Francis jáde. Orúnkún obìnrin náà tó bó ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú eruku.

"Kí lẹ ń wá, sisí?"

"Etí ẹ̀ ni."

Francis bẹ̀rẹ̀, ó bá a wá a.

Ségede ló pa etí ọ̀tún Jọkẹ́ lọ́dún tí ìyá wọn kú. Dókítà kan ní Ìbàdàn ló fún un ní ẹ̀rọ. Ohun kékeré kan ń gba ohùn létí ọ̀tún, wáyà gba ẹ̀yìn ọrùn, ó gbé ohùn náà lọ sí etí òsì tó yè. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún, ọmọ náà á gbọ́ ọ. Ohun kan ni ẹ̀rọ náà kò lè ṣe: kò lè sọ ibi tí ohùn ti wá.

Wáyà náà ti já.

"Rédíò ni mo mọ̀," ni Francis wí. "Àmọ́ wáyà ni wáyà ń jẹ́."

"Ẹ má bà á jẹ́ o. Kò sí èkejì."

"Bí mo bá bà á jẹ́, ẹ wá mú etí tèmi."

Bọ́látitó wò ó. "Ó ti tóbi jù fún un."

Láti ọjọ́ náà, Francis a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkòrò, ìlú Bọ́látitó, lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí wọ́n fi kórè iṣu ọdún kejì, òun àti Bọ́látitó ti ṣe àdéhùn ìgbéyàwó. Ìyá Francis kò kọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ìdílé ọmọge náà, bí a ti ń ṣe é. Ẹni tó bá lọ wádìí kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé. Bàbá Fáṣuyì, ẹ̀gbọ́n bàbá Francis, ni wọ́n rán.

Lọ́sẹ̀ náà, wáyà tún já. Bọ́látitó gbé e wá lọ́jọ́ Ajé.

"Bó bá tètè yá, fi rán dírẹ́bà Ìkòrò. Bí kò bá yá, èmi fúnra mi á wá mú un ní Sátidé."

Ó yá láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Francis fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ó fẹ́ rí Bọ́látitó ní Sátidé.

Ní Tọ́sìdeè, Bàbá Fáṣuyì dé Ìkòrò. Jọkẹ́ jókòó níwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, wọ́n ń gún iyán nítòsí etí òsì rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni bàbá náà dúró sí, ó ń retí kí ọmọ kúnlẹ̀. Ó wúkọ́. Ó pè é. Jọkẹ́ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ. Bàbá náà bi aládùúgbò kan léèrè ọ̀rọ̀ méjì, ó sì padà láìwọlé.

"Ulé adití ni," ló wí nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Francis ní Ìjerò. "Mo dúró, ọmọ kò kúnlẹ̀. Mo pè é, kò yíjú. Ìyá wọn kú, etí tún kú tẹ̀lé e. A ò fẹ́ ibẹ̀."

"Bàbá, ségede ni! Ẹ̀rọ ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, tí mò ń tún ṣe."

"O ò tíì tún un ṣe tán ni?"

Francis ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì tún un tì.

Ìyá rẹ̀ ní bó bá fẹ́ ọmọbìnrin náà, kó má pe òun ní ìyá mọ́.

Bọ́látitó dé ní Sátidé. Francis ì bá ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò bò ó. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Ìgbà wo lo parí ẹ̀?"

"Túsìdeè."

"Ọjọ́ mẹ́rin." Ó di ẹ̀rọ náà sétí gèlè rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin lo fi gba etí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, Francis."

"Mo fẹ́ rí ọ ni."

"O ní kẹ̀kẹ́."

Ó lọ. Ọdún kan kọjá.

Lọ́dún 1984, ìjọba ti ẹnubodè pa, ọjà òkè òkun sì wọ́n. Bátìrì ẹ̀rọ náà, tó dà bíi bọ́tìnì ẹ̀wù, kò sí ní Adó, kò sí ní Àkúrẹ́. Francis, tí kò tíì gbàgbé ọmọ náà, wá a dé Ìbàdàn, kò rí i. Èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ Jọkẹ́ kú lọ́sẹ̀ Àjíǹde. Nígbà tó gbọ́, ó gbé bátìrì rédíò lọ sí Ìkòrò, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń so wáyà pọ̀ láti òwúrọ̀. Jọkẹ́ fi í sétí, ó sì yọ ọ́ kíá.

"Ó ń hó bí òjò."

Francis tún un so. Ó tún hó. Bọ́látitó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo Francis.

"Fi sílẹ̀."

"Mo lè tún un ṣe."

"O ò lè tún un ṣe. Wá jẹun."

Ó wọlé. Apá ọ̀tún Jọkẹ́ ló jókòó sí. Ó rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Ọmọ náà kò gbọ́. Ó kàn fà á lọ́wọ́, ó mú un yí ká sí òsì.

"Ẹ tún un sọ," ni Jọkẹ́ wí.

Francis di ọwọ́ ọmọ náà mú. Bọ́látitó yíjú sí ògiri.

"Bí Jọkẹ́ bá ń kọjá títì, ta ni yóò máa rìn lọ́tùn-ún ẹ̀?"

"Èmi."

"Yóò rẹ̀ ọ́."

"Kó rẹ̀ mí."

Wọ́n ṣègbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ìkòrò lóṣù Òkúdù. Àga méjìlá ni wọ́n tò fún ará ọkọ. Ẹnì kankan kò jókòó lórí wọn. Ìyá Francis kú lọ́dún kejì, kò sì ránṣẹ́ pè é.

Ẹ̀rọ náà wà nínú agolo bisikíìtì lórí pẹpẹ. Wáyà rẹ̀ kò tún já mọ́. Bátìrì ni kò sí.